Ìtàn Ipá Iná Nínú Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà, 1971 sí 2024

Ní oṣù Keje ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Intel ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ìkéde kan tí ọ̀pọ̀ oníkọ̀ǹpútà ti ń retí. Láti ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú ni àwọn tí ó ra pírósẹ́sọ̀ ìran kẹtàlá àti ìran kẹrìnlá ilé-iṣẹ́ náà ti ń ráhùn pé kọ̀ǹpútà àwọn ń dákú lójijì, àti pé iṣẹ́ tí ó ń ṣe wẹ́rẹ́ lánàá kò ṣe é ṣe mọ́ lónìí. Àwọn kan di ẹ̀bi ru àwọn tí ó ṣe eré orí kọ̀ǹpútà, àwọn mìíràn di ẹ̀bi ru àwọn tí ó ṣe màdábọ́ọ̀dù. Àlàyé tí Intel ṣe ni pé iná tí ń wọ inú pírósẹ́sọ̀ náà ní ipá ju bí ó ti yẹ lọ, àti pé pírósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń béèrè àpọ̀jù ipá yìí. Àwọn àṣẹ kéékèèké tí a kọ sí inú rẹ̀ ni ó ń ṣe ìṣirò òdì, tí ó sì ń béèrè ohun tí yóò pa á lára.

Pírósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Bí ọpọlọ náà ṣe dé ipò tí ó fi ń fi ẹnu ara rẹ̀ béèrè ìwọ̀n iná tí yóò lò jẹ́ ìtàn àádọ́ta ọdún, ìtàn náà sì yẹ ní kíkọ sílẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó ń lo kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́ kì í sábà gbọ́ nípa rẹ̀ àfi ní ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́.

Ipá ni ohun tí ń ti iná láti ibì kan dé ibòmíràn, gẹ́gẹ́ bí gíga tí táǹkì wà lórí òpó ṣe ń ti omi wọ inú páìpù ilé. Fóltì ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Agbára yàtọ̀ sí ipá. Agbára ni iye iná tí nǹkan ń jẹ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wáàtì sì ni òṣùwọ̀n tirẹ̀. Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ọjà máa ń pa wọ́n pọ̀. Inú pírósẹ́sọ̀ kún fún àìmọye ìlẹ̀kùn kéékèèké tí orúkọ wọn ń jẹ́ tíránsísítọ̀. Bí ipá tí a fi kan ìlẹ̀kùn kan bá kọjá ìwọ̀n kan, èyí tí a lè pè ní ipá àlà, ìlẹ̀kùn náà yóò ṣí, iná yóò sì kọjá. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, yóò tì. Nínú ṣíṣí àti títì yìí ni gbogbo ìṣirò kọ̀ǹpútà wà. Ìgbàkígbà tí ìlẹ̀kùn kan bá yí ipò padà ni ó ń jẹ iná díẹ̀, iná tí ó ń jẹ sì ń tẹ̀lé ipá náà lọ́nà tí ó yani lẹ́nu: bí ipá bá dín kù sí ìdajì, iná náà yóò dín kù sí ìdámẹ́rin. Kò sí ohun mìíràn tí onímọ̀ ẹ̀rọ lè dín kù tí èrè rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ipá bá ti ń lọ sílẹ̀ ni ìlẹ̀kùn ń lọ́ra láti ṣí. Láàárín èrè yẹn àti àdánù yìí ni gbogbo ìjà náà wà.

Pírósẹ́sọ̀ Intel 4004, tí ó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 1971, ní tíránsísítọ̀ 2,300, fóltì 15 ni ó sì ń lò. Federico Faggin, Ted Hoff, Stanley Mazor àti Masatoshi Shima ni ó ṣe é, fún ẹ̀rọ ìṣirò ilé-iṣẹ́ Busicom ti ilẹ̀ Japan. Nígbà tí 8080 dé ní ọdún 1974, orísun iná mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń fẹ́: fóltì 12, fóltì 5, àti fóltì 5 mìíràn tí ó dojú kọ ọ̀nà òdì. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi í ṣe kọ̀ǹpútà ní láti kọ́kọ́ wá ẹ̀rọ tí yóò máa bọ́ ọ pẹ̀lú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó tẹ̀lé e fi ń polongo fóltì 5 kan ṣoṣo bí ẹni ń polongo oògùn: MOS 6502 ní ọdún 1975, Zilog Z80 àti Intel 8085 ní ọdún 1976. Nọ́ńbà 5 tí ó parí orúkọ 8085 ń tọ́ka sí fóltì 5 yìí gan-an.

Fóltì 5 náà kì í ṣe òfin àdáyébá. Àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí Texas Instruments ń tà láti àárín àwọn ọdún 1960 ni ó sọ ọ́ di àṣà, àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù sì tẹ̀lé e kí ọjà wọn lè bá ti ara wọn ṣiṣẹ́ pọ̀. Nígbà tí ó fi máa di àárín àwọn ọdún 1970, fóltì 5 ti di èdè àjọsọ láàárín gbogbo ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Èdè àjọsọ kì í sì í rọrùn láti pa tì.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1974, Robert Dennard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ IBM gbé ìwádìí kan jáde tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ṣe atọ́nà fún ọgbọ̀n ọdún. Ohun tí wọ́n sọ kò díjú. Bí a bá dín gígùn, ìbú àti nínípọn tíránsísítọ̀ kù sí ìdajì, kí a dín ipá iná tí ń wọ̀ ọ́ kù sí ìdajì pẹ̀lú. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò yára ní ìlọ́po méjì, agbára tí ó ń jẹ yóò di ìdámẹ́rin, ààyè tí ó gbà yóò sì di ìdámẹ́rin bákan náà. Ní ibi tí ọ̀kan ń gbé tẹ́lẹ̀, mẹ́rin ni yóò máa gbé, síbẹ̀ ooru ibẹ̀ kò ní pọ̀ sí i. Ó dà bí ìlérí tí kò ní gbèsè nínú.

Àwọn tí ń ṣe pírósẹ́sọ̀ gba apá kan ìmọ̀ràn náà, wọ́n sì fi apá kejì sílẹ̀. Tíránsísítọ̀ ń kéré sí i, ṣùgbọ́n fóltì 5 kò yẹ̀. Láti orí 8085 ní ọdún 1976 títí dé orí 80386 ní ọdún 1985 àti 80486 ní ọdún 1989, fóltì 5 náà ni. Yorùbá ní bí a bá fa gbùrù, gbùrù á fa igbó. Ẹni tí ó bá yí ipá pírósẹ́sọ̀ padà gbọ́dọ̀ yí ti mẹ́mórì, ti díìsìkì àti ti gbogbo ohun tí ó so mọ́ ọn padà. Yàtọ̀ sí èyí, ipá tí ó ga a máa mú kí tíránsísítọ̀ kékeré yára sí i, ìyára sì ni àwọn oníbàárà ń fi owó wọn rà. Ohun tí ó jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà gbé e gbà ni CMOS, ìlànà tí Frank Wanlass gbé kalẹ̀ ní ọdún 1963 nígbà tí ó wà ní ilé-iṣẹ́ Fairchild, tí àwọn pírósẹ́sọ̀ ńláńlá sì wá wọ inú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Nínú CMOS, tíránsísítọ̀ méjì ni ó ń dojú kọ ara wọn. Bí ọ̀kan bá ṣí, èkejì a tì, tí ó fi jẹ́ pé iná kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sàn rárá àfi ní àkókò ìyípadà. Ohun tí CMOS fi pamọ́ ni wọ́n fi ń san gbèsè fóltì 5.

Ọdún 1993 ni owó náà tán. Pentium àkọ́kọ́ jáde pẹ̀lú tíránsísítọ̀ tí ó lé ní mílíọ̀nù 3, pẹ̀lú fóltì 5, ó sì lè jẹ tó wáàtì 16. Fáànù di ọ̀ranyàn lórí rẹ̀. Ooru nìkan kọ́ ni ìṣòro náà. Awọ tí ó pààlà láàárín ìlẹ̀kùn àti ọ̀nà inú tíránsísítọ̀ ti fẹ́lẹ́ jù, fóltì 5 sì ń fẹ́ ya á. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Pentium onífóltì 3.3 dé, ó yára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ooru rẹ̀ sì kéré sí tirẹ̀. Ní ọdún 1997, Pentium MMX pín ipá sí méjì: fóltì 2.8 fún inú lọ́hùn-ún níbi tí ìṣirò ti ń wáyé, fóltì 3.3 fún ẹnu ọ̀nà tí ó ti ń bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni àwọn tí ń to kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù mọ ìnira jọ́ńpà, àwọn ike pẹ́pẹ̀pẹ́ tí wọ́n ń tì bọ orí màdábọ́ọ̀dù láti yan fóltì. Ẹni tí ó bá ṣi ìwé kà, tí ó yan ipá tí ó ga jù, lè jó pírósẹ́sọ̀ olówó iyebíye níná kí ó tó mọ ohun tí ó ṣe.

Àṣìṣe ọwọ́ ènìyàn yìí ni Intel ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojútùú sí ní ọdún 1995 pẹ̀lú Pentium Pro. Nínú ẹsẹ̀ 387 tí pírósẹ́sọ̀ náà ní, mẹ́rin wà tí kò gbé iṣẹ́ ìṣirò kankan. Iṣẹ́ wọn ni láti sọ fún ẹ̀rọ tí ń bọ́ ọ ní iná pé iye fóltì báyìí ni òun ń fẹ́. Ẹni tí ó bá ti lo sítébíláísà nínú ilé yóò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Sítébíláísà kì í bi fíríìjì léèrè ohun tí ó ń fẹ́. Ìwọ̀n kan náà ni ó ń fún gbogbo ohun tí ó bá wà níwájú rẹ̀. Èyí gba àṣẹ láti ẹnu ẹni tí ó ń bọ́. Kò sí ariwo púpọ̀ nígbà tí ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àṣẹ lórí fóltì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lọ́wọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ bọ́ sí ọwọ́ pírósẹ́sọ̀.

Ní ọdún 1994, Mark Weiser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ní Xerox PARC, ní California, gbé ìbéèrè kan dìde tí ó jọ ìbéèrè ọ̀lẹ: èéṣe tí kọ̀ǹpútà fi ń sáré ṣe iṣẹ́ tán, tí yóò sì wá jókòó lásán? Dídín ìyára kù nìkan kò mú èrè wá. Iye ìgbà tí àwọn ìlẹ̀kùn yóò ṣí, tí wọn yóò sì tì, kí iṣẹ́ náà tó parí kò yí padà. Iná kan náà ni yóò jẹ, yóò kàn pẹ́ kí ó tó jẹ ẹ́ tán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń rìn jẹ́jẹ́ kò nílò ipá ẹni tí ń sáré. Bí ìyára bá dín kù, fóltì lè dín kù pẹ̀lú, ibẹ̀ sì ni èrè wà. Àbá wọn ni pé kí ètò ìdarí kọ̀ǹpútà máa wo iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀, kí ó sì máa yan ìyára àti ipá tí ó tó fún un.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ọjà gba àbá náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 2000, Intel mú SpeedStep jáde fún kọ̀ǹpútà alágbèéká. Bí okùn iná bá wà lára rẹ̀, pírósẹ́sọ̀ a máa ṣiṣẹ́ ní 650 MHz pẹ̀lú fóltì 1.6, bí ó bá bọ́ sórí bátìrì, a sọ̀ kalẹ̀ sí 500 MHz pẹ̀lú fóltì 1.35. Ìyára dín kù ní ohun tí kò tó ìdámẹ́rin, agbára sì dín kù ní ohun tí ó sún mọ́ ìdajì. Ní ọjọ́ kejì gan-an ni ilé-iṣẹ́ tuntun kan, Transmeta, fi pírósẹ́sọ̀ Crusoe hàn fún gbogbo ayé. Crusoe kò dúró de okùn iná. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wo iṣẹ́, tí ó sì ń gun àtẹ̀gùn fóltì sókè sódò lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. AMD gbé PowerNow! tirẹ̀ jáde ní ọdún kan náà. Transmeta kò pẹ́ láyé, wọ́n ta á ní oṣù Kìíní ọdún 2009, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó là ni gbogbo fóònù alágbèéká ń tọ̀ lónìí.

Ètò kan wà nínú àyípadà yìí tí kò gbọdọ̀ yẹ̀. Bí a bá fẹ́ sáré, ipá ni a kọ́kọ́ ń gbé sókè kí ìyára tó tẹ̀lé e. Bí a bá fẹ́ rọra, ìyára ni a kọ́kọ́ ń rẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá yí i po, aago yóò lù nígbà tí ìlẹ̀kùn kò tíì ṣí tán, 1 yóò di 0, ìṣirò yóò sì ṣì láìsí ẹni tí ó mọ̀. Àwọn ọ̀tá ṣì máa fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe iṣẹ́ láìpẹ́.

Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2004, fóltì ti sún mọ́ 1. Níbẹ̀ ni ìlérí Dennard ti dẹ́kun. Kí ipá iná tó lè dín kù láìpa ìyára lára, ipá àlà gbọ́dọ̀ dín kù pẹ̀lú, ìlẹ̀kùn tí ipá àlà rẹ̀ kéré kì í sì í tì dáadáa. Iná ń jò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kódà nígbà tí kò sí iṣẹ́ kankan. Bí a bá dín ipá àlà kù ní ohun tí kò ju fóltì 0.06 sí 0.1 lọ, jíjò náà yóò di ìlọ́po mẹ́wàá. Ìwà àdáyébá iná àti ooru ni èyí, kò sí ọgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ó lè yí i padà nínú tíránsísítọ̀ tí wọ́n ń ṣe nígbà náà. Pentium 4 tí Intel mú jáde ní oṣù Kejì ọdún 2004, èyí tí wọ́n ń pè ní Prescott nínú ilé-iṣẹ́ náà, lè mú ooru tí ó lé ní wáàtì 100 jáde. Ní oṣù Karùn-ún, Intel pa iṣẹ́ lórí arọ́pò rẹ̀, Tejas, tì. Ní oṣù Kẹwàá, ó pa ètò Pentium 4 oní-4 GHz tì. Láti ìgbà náà, àádọ́ta ìran pírósẹ́sọ̀ lè wá, kí wọ́n sì lọ, fóltì kò tíì jìnnà sí 1.

Ọ̀nà tí gbogbo wọn wá gbà yọ ti wà nílẹ̀ ṣáájú, ọmọ Nàìjíríà kan sì wà lára àwọn tí ó là á. Ní ọdún 1996, Kunle Olukotun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford gbé àròkọ kan jáde tí ó jiyàn pé dípò ọpọlọ ńlá kan tí ó díjú, ó sàn kí a to ọpọlọ kéékèèké púpọ̀ sórí pátákó kan ṣoṣo. Ìjiyàn wọn nígbà náà kò dá lórí ooru gan-an. Ìdíjú iṣẹ́ àti gígùn okùn inú pírósẹ́sọ̀ ni ó jẹ wọ́n lógún. Ṣùgbọ́n ó bá ìṣòro fóltì mu bí ìbọ̀wọ́. Bí iṣẹ́ ọpọlọ kan bá di ti ọpọlọ méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sáré ní ìdajì ìyára, tí èyí sì jẹ́ kí ipá lè dín kù sí ìdá méje nínú mẹ́wàá, agbára tí àwọn méjèèjì ń jẹ pọ̀ kò ní tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2000, Olukotun dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti sọ èrò náà di ohun gidi. Afara Websystems ni ó pè é, orúkọ tí kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Sun Microsystems ra Afara ní ọdún 2002, èso rẹ̀ sì jáde ní òpin ọdún 2005 ní orúkọ UltraSPARC T1: ọpọlọ 8 lórí pátákó kan, tí ó lè gbé iṣẹ́ 32 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú nǹkan bí wáàtì 72. Ní ọdún 2005 yìí kan náà ni Intel àti AMD bẹ̀rẹ̀ sí í ta pírósẹ́sọ̀ ọlọ́pọlọ méjì fún kọ̀ǹpútà ilé. Olukotun gba ẹ̀bùn Eckert-Mauchly, èyí tí ó ga jù nínú iṣẹ́ yìí, ní ọdún 2023.

Ọpọlọ púpọ̀ mú ìṣàkóso púpọ̀ wá. Ní ọdún 2008, pírósẹ́sọ̀ Nehalem ti Intel ní ìlẹ̀kùn ńlá tí ó lè pa iná ọpọlọ kan tí kò níṣẹ́ pátápátá kí jíjò má bàa wáyé, ó sì ní alábòójútó tirẹ̀, kọ̀ǹpútà kékeré nínú kọ̀ǹpútà, tí tíránsísítọ̀ rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa pín iná. Ní ọdún 2013, Haswell gbé ẹ̀rọ tí ń ṣe ìdíwọ̀n fóltì wọ inú pírósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2015, Skylake dá a padà sórí màdábọ́ọ̀dù.

Bí fóltì bá ti di ohun tí sọ́fíwia lè yí, ẹni tí ó bá gba sọ́fíwia náà lè yí i fún ibi. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Columbia fi hàn lórí fóònù kan pé àwọn lè ti ìyára àti fóltì kọjá ààlà títí ìṣirò inú yàrá ìkọ̀kọ̀ fóònù náà yóò fi ṣì, tí àṣírí inú rẹ̀ yóò sì tú. CLKSCREW ni wọ́n pè é. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, àwọn olùwádìí láti Birmingham, Leuven àti Graz ṣe irú rẹ̀ fún Intel, wọ́n sì pè é ní Plundervolt. Wọ́n ń rẹ fóltì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ìsọdipúpọ̀ lásán yóò fi mú èsì òdì jáde. Láti inú èsì òdì yẹn ni wọ́n ti ń yọ kọ́kọ́rọ́ tí a fi ti àṣírí pa. Àtúnṣe tí Intel ṣe ni pé ó fún àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà láti ti ilẹ̀kùn yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tì í. Àwọn oníkọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ara wọn rẹ fóltì sílẹ̀ kí ẹ̀rọ wọn lè tutù, kí bátìrì wọn sì pẹ́, jí lọ́jọ́ kan wọ́n sì rí i pé ọwọ́ àwọn kò tó o mọ́. Wọn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ àwọn ni ó san owó rẹ̀.

Báyìí ni ọwọ́ ènìyàn ṣe kúrò níbẹ̀ tán kí ọdún 2024 tó dé. Àwọn pírósẹ́sọ̀ ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá tí ọ̀rọ̀ náà kàn ń béèrè ipá tí ó ga kí wọ́n lè fi ìyára bí ẹni pé kò sí irú wọn, ipá náà pẹ̀lú ooru sì ń sọ apá kan di arúgbó kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, èyíinì apá tí ń gbé lílù aago káàkiri inú ọpọlọ. Bí apá náà ti ń gbó ni fóltì tí ó kéré jù tí ó lè fi ṣiṣẹ́ ń ga sí i, títí ohun tí ó tó fún un lánàá kò fi tó mọ́. Ní oṣù Kẹjọ, Intel fi àtúnṣe ránṣẹ́ tí kò jẹ́ kí pírósẹ́sọ̀ béèrè ju fóltì 1.55 lọ, òmíràn tẹ̀lé e ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ṣàlàyé ìdí àìsàn náà ní kíkún. Ó fi ọdún méjì kún àkókò ìdánilójú tí ó ń fún àwọn oníbàárà. Àtúnṣe náà ń dáàbò bo pírósẹ́sọ̀ tí ara rẹ̀ ṣì yá. Èyí tí ó ti gbó kò lè padà di tuntun, àfi kí onítọ̀hún tú u kúrò lórí màdábọ́ọ̀dù rẹ̀, kí ó dì í sínú páálí, kí ó sì fi ránṣẹ́ padà.